Agbọ̀n Tó Wà ní Igun Ojú Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ jókòó tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ kú ìrònú. Wọ́n ní kí èmi náà wá sọ tèmi, nítorí pé ìwé títẹ̀ ni mo fi jẹun láti ìgbà ọmọge mi títí ìka mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í le. Wọ́n ní mo ṣe iṣẹ́ náà yọrí. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì dé Kpoulou. Bí ẹ bá dé Kpoulou tí ẹ dárúkọ Ìyá Dáktílò, èmi atẹ̀wé yìí, wọn yóò bu omi fún yín mu, wọn yóò sì rọra yí ọ̀rọ̀ padà. Yíyí-ọ̀rọ̀-padà yẹn ni ojú fi ń tì mí títí di òní. Òun náà ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba ojú ọ̀nà rẹ̀ wá. Ẹrù tó wúwo, a kì í já a gbé.

Etí ọjà Adja-Ouèrè ni mo ti kọ́ṣẹ́. Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn: ìwé mi kò lọ síwájú mọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, bàbá mi mú mi lọ, àwọn àgbà sọ ohun tí wọ́n máa sọ fún ara wọn, bàbá mi sì fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá Jérómù ni wọ́n ń pe ọ̀gá mi. Akọ̀wé ní bùrò ìjọba ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ṣí ìsọ̀ kan tí a ti ń bá ará ìlú tẹ ìwé: ìwé ẹ̀bẹ̀, ìwé ilẹ̀, ìwé ìsìnkú, gbogbo ohun tí ẹnu ń fẹ́ sọ tí ọwọ́ kò lè kọ.

Ọkùnrin náà le. Ó ní aṣọ funfun kan tó máa ń so mọ́ wa lọ́rùn, tó sì máa ń tẹ́ lé ọwọ́ wa àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lórí. Abẹ́ aṣọ yẹn la ti ń tẹ̀wé. Bí o bá gbé etí aṣọ sókè láti yọjú wo ìka rẹ, rúlà yóò dún.

"Filomẹ́nà!"

"Ọ̀gá!"

"Kí lo ń wá lábẹ́ aṣọ?"

"Lẹ́tà kan ló sọnù sí mi lọ́wọ́, Ọ̀gá."

"Ṣé o máa ń tan àtùpà wá ẹnu rẹ nígbà tí o bá ń jẹun?"

Àwọn tó jókòó níta tí wọ́n ń retí ìwé wọn yóò bú sẹ́rìn-ín, èmi yóò sì fi ojú sílẹ̀. Àtìgbà yẹn ni ìtìjú ti ń bá mi gbé bí ìbejì mi.

Òfin mìíràn tó fún wa ni èyí: bí oníwèé bá ń sọ̀rọ̀ tí o ń tẹ̀, kí o tó tẹ gbólóhùn kan, kọ́kọ́ pè é padà fún un pẹ̀lú ẹnu ara rẹ. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìgbà yẹn ni ìka tó lè gbéra. A máa ń kùn pé ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ọ̀gá a ní, "Ẹyin lohùn. Bí mo bá fún ọ lẹ́yin gbé, ṣé o kò ní kọ́kọ́ mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ rẹ kí o tó yísẹ̀?"

Ẹ fi òfin yẹn sọ́kàn. A ó padà síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti agbọ̀n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, lórí àpótí gíga kan, agbọ̀n kan wà níbẹ̀ tí ará Ikpinlè kan fi imọ̀ ọ̀pẹ hun. Iṣẹ́ tó bá parí, inú agbọ̀n yẹn ló ń lọ. A ó fi aṣọ bò ó, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀ ọ́ títí ẹni tó ni ín yóò fi dé. Ìwé tó bàjẹ́ ńkọ́? Ẹ̀yìnkùlé la ti ń sun ún, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ yóò sì dúró títí yóò fi di eérú. Ìdí nìyí. Kí n tó débẹ̀, ọmọṣẹ́ kan ti ju ìwé tó bàjẹ́ sórí ààtàn. Alákàrà kan ṣà á, ó fi wé àkàrà. Ọkùnrin kan ra àkàrà náà, ó jẹ ẹ́ tán, ó la bébà, ó bá orúkọ ara rẹ̀ nínú ẹjọ́ tí àna rẹ̀ fẹ́ pè é. Ariwo ọjọ́ yẹn, wọ́n ní ó gba gbogbo ọjà. Láti ìgbà náà, iná ni ilé ìwé tó bàjẹ́, agbọ̀n sì ni ilé ìwé tó dára.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ní ilẹ̀ wa níbí, ta ni í da ìdọ̀tí sínú agbọ̀n? Agbọ̀n la fi ń ru ẹyìn wálé láti ìdí ọ̀pẹ, agbọ̀n la fi ń gbé àgbàdo, inú agbọ̀n ni adìẹ ń yé sí. Bí o bá rí ẹni tó ń da pàǹtí sínú agbọ̀n, o ó bi í bóyá orí ń fọ́ ọ.

Mo gba òmìnira, ọ̀gá mi di àgbà, ó sì sùn. Ẹ̀rọ rẹ̀ kan kàn mí, mo sì ṣí ìsọ̀ tèmi kò jìnnà síbẹ̀. Èmi náà gba ọmọṣẹ́. Mo le ju Ọ̀gá Jérómù lọ. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Kolẹ́tì, ọmọ Ikpinlè, tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. "Ìyá, kí nìdí tí èyí fi rí báyìí? Ìyá, kí ni wọ́n ń pe irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn?" Èmi a ní, "Ìka ni mo ní kí o lò, mi ò ní kí o lo ẹnu." Mo fi rúlà lu ìka ọmọ yẹn débi pé bí ó bá rí rúlà lórí tábìlì, yóò káwọ́ sẹ́yìn. Nígbà tó gba òmìnira, ó gba Kútọnù lọ, wọ́n ní ó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní, "Ẹni tí kò tíì mọ ojú àpò rẹ̀ ń wá àpò ẹlòmíràn." Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Ìgbà kan kì í lo ilé ayé gbó. Àwọn oníwèé bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Wọn yóò yọjú, wọn yóò kí mi, wọn yóò wo ẹ̀rọ mi bí ẹni ń wo arúgbó tó wọ bàtà ọmọdé, wọn yóò ní, "Ìyá, ẹ kò tíì ní kọ̀ǹpútà?" Nígbà tó ṣe, mo rà á. Ọkùnrin kan láti Pobè tó ń jẹ́ Sirílì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe, ló gbé e wá tó sì tò ó.

Ọjọ́ yẹn, ìsọ̀ mi kún. Aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dá iṣẹ́ dúró, àwọn onízẹ́mìjàn méjì tó ń fi alùpùpù gbé èrò fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, gbogbo wọn fẹ́ wo bí Ìyá Dáktílò yóò ṣe gun ẹṣin tuntun. Sirílì tan ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní àwòrán òkè àti omi, ó rẹwà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka síbí, na ìka sọ́hùn-ún.

"Ìyá, gbogbo ojú tí ẹ rí yìí, tábìlì yín nìyẹn. Àwọn àwòrán kéékèèké yìí, ilẹ̀kùn ni wọ́n. Ẹ fi eku yìí darí ọfà lọ sórí rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí. Ọ̀já tó wà nísàlẹ̀ yìí, iṣẹ́ tí ẹ bá ṣí sílẹ̀ máa ń tò síbẹ̀. Aago nìyẹn ní igun. Agbọ̀n nìyẹn. Àpò ìwé nìyí. Ó yé yín?"

"Ó yé mi."

"Kò sí ìbéèrè?"

Mo gbójú sókè. Mo rí ojú aránṣọ. Mo rí eyín àwọn onízẹ́mìjàn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ jẹ́ kí Ìyá sinmi, ẹ̀rọ tuntun kò ní fi rúlà lu Ìyá!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kò sí ìbéèrè kankan. Ṣé ọmọ àná ni mí nídìí ìwé?"

Abèèrè kì í ṣìnà, àwọn àgbà ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ bí ìbéèrè ṣe máa ń há àgbà lọ́fun nígbà tí ọmọdé bá ń wò ó.

Nínú gbogbo ohun tó nàka sí, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo dá mọ̀ bí ẹni rí ẹbí nínú ọjà àjèjì: agbọ̀n. Ó dúró ní igun ojú ẹ̀rọ, bí ti Ọ̀gá Jérómù ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Inú mi dùn. Mo ní lọ́kàn pé àwọn òyìnbó tó ṣe ẹ̀rọ yìí mọ iṣẹ́, wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ tó parí gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń dúró sí. Nítorí náà, bí mo bá tẹ̀wé tán, n ó fi ọfà fà á lọ sínú agbọ̀n. Ẹ̀rọ yóò bi mí bóyá ó dá mi lójú pé mo fẹ́ fi ìwé yìí sínú agbọ̀n. Mo ń gbọ́ Faransé, mo sì kà á dáadáa. N ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo tiẹ̀ ń yìn ín nínú mi: ẹ wo ẹ̀rọ oníwà, ó ń béèrè kó tó gbà á, bí Ọ̀gá ṣe ń ṣe. Bí ẹni tó ni ìwé bá dé, n ó ṣí agbọ̀n, n ó fà á jáde sórí tábìlì, n ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Lẹ́yìn ìgbà tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, àwòrán agbọ̀n náà yí padà, ó hàn bíi pé bébà yọ orí níbẹ̀. Ẹ̀rí ni mo pè é pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lókè, lápá ọ̀tún ìwé tí mo bá ṣí, àmì mẹ́ta wà: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, àpótí kékeré kan, àti àgbélébùú tó dà gẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ mi ṣèèṣì kan ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Ìwé ìsìnkú tí mo ń tẹ̀ já lulẹ̀, ó ku àwòrán òkè àti omi. Mo rò pé ó ti kú. Mo tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó tún já, mo tún tún un tẹ̀. Nísàlẹ̀, lórí ọ̀já, àwọn ìwé tí mo pè ní òkú tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń retí kí n pè wọ́n. N kò wo ibẹ̀. Ìgbà yẹn, Kolẹ́tì ti padà dé láti Kútọnù, ó ti ṣí ìsọ̀ rẹ̀ ní Ikpinlè. Kò jìnnà. Mo lè gun zẹ́mìjàn lọ bi í. Ṣé kí n lọ jókòó síwájú ọmọ tí mo lu níka? Mo ní ikú yá ju ẹ̀sín.

Ẹ̀sín náà ń bọ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn.

Obìnrin àgbà kan wà ní Kpoulou tí wọ́n ń pè ní Ìyá Abẹ́ní. Òun nìkan ló kù tó mọ oríkì orílẹ̀ ìdílé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn yòókù mọ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀, wọ́n sì mọ èyí tí wọ́n fi ń kí ọkọ láàárọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti wọ inú, wọn yóò máa kùn nímú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Bẹnuà, tó jẹ́ tíṣà, ló mú un wá sọ́dọ̀ mi kí n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, kí ìdílé lè rí i kà. Bẹnuà ti kọ́kọ́ fẹ́ fi fóònù gba ohùn rẹ̀. Ìyá kọ̀ jálẹ̀.

"Kí ohùn mi máa pariwo nínú páálí nígbà tí mo bá ti sùn? Rárá o. Ìwé dára. Ìwé a máa dákẹ́ títí alààyè yóò fi yá a lẹ́nu."

Bí ọjà bá ti ń ná, wọn yóò dé. Ìyá yóò jókòó, yóò bọ́ bàtà, yóò bẹ̀rẹ̀. Èmi yóò gbọ́ gbólóhùn kan, n ó pè é padà fún un, yóò mi orí, n ó tẹ̀ ẹ́.

*Ọmọ ẹrẹ̀ dúdú,*
*ẹrẹ̀ tí í di àlejò lẹ́sẹ̀ mú*
*kí onílé tó jí.*
*Ọmọ ọ̀pẹ kan ṣoṣo lẹ́yìn ilé*
*tí í fi epo ránṣẹ́ sí ojúde gbogbo.*

Èmi tí mo dàgbà lẹ́sẹ̀ àwọn ìyá tó ń pàlọ́, ara mi máa ń yá gágá. Aránṣọ a dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró láti gbọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni n kò ṣe bó ṣe yẹ. Ojú ọjọ́ ṣú, iná ń ṣẹ́jú, mo mọ̀ pé kò ní pẹ́ lọ, oníwèé mìíràn sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń pòṣé. Ìyá ti dé ibi tó ń sọ obìnrin tó ṣáájú wọn rìn wá sí ilẹ̀ yìí, bí ó ṣe fi ìgbàjá di èso ọ̀pẹ mọ́nú. Mo ní, "Ìyá, ẹ máa bá a lọ, mo ń gbọ́." N kò pè é padà. Ó ń sọ, mo ń tẹ̀. Ìka mi ń sáré bí òjò lórí páànù. A parí ibẹ̀ kí iná tó lọ, mo fà á sínú agbọ̀n, mo sì ń yin ara mi.

Ó ku ìparí oríkì náà. A ti fẹnu kò pé ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé la ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lẹ́ẹ̀kan náà.

Láàárín kan, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Mo ránṣẹ́ pe Sirílì. Ó dé, ó jókòó, kó tó fọwọ́ kàn án, ó bi mí pé, "Ìyá, iṣẹ́ yín gbogbo wà ní ipò rẹ̀? Kí n lè gbá inú ilé mọ́?"

Mo ní, "Gbogbo rẹ̀ wà ní ipò rẹ̀."

N kò purọ́. Òun náà kò sì ṣe ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó gbá ilé mọ́, ó kó àwọn nǹkan tuntun sí i, ẹ̀rọ ń sáré. Mo fún un ní gààrì àti omi tútù. Ó ní, "Ìyá, pàǹtí pọ̀ nílé yín o!" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo rò pé eruku ló ń wí.

Ọjọ́ kejì, Bẹnuà nìkan ló dé. Kò jókòó. Ó ní àìsàn ti kọlu ìyá òun, ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ ti kú, ahọ́n rẹ̀ sì ti di. Ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kò lè dáhùn. Ó wá dì mí lọ́wọ́ mú, omi lé ròrò sí i lójú. "Ìyá Dáktílò, Ọlọ́run ló rán yín sí wa. Bí kì í bá ṣe pé ó wà lọ́wọ́ yín! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ èyí tó wà níbẹ̀ jáde, kí n lọ kà á fún un nídìí ẹní."

Mo yí sí ẹ̀rọ. Bébà tó máa ń yọ orí nínú agbọ̀n kò sí mọ́. Mo ṣí i. Ó funfun. Mo tì í, mo tún un ṣí, bí ẹni tó ń ṣí ìkòkò tó mọ̀ pé òun ti jẹ ọbẹ̀ inú rẹ̀ tán. Bẹnuà dúró lẹ́yìn mi. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀.

"Ìyá, níbo ló wà?"

"Inú agbọ̀n ni mo fi sí."

"Agbọ̀n wo?"

Mo fi ìka hàn án. Tíṣà ni, ó mọ̀ ọ́n. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń rìn láti orí àwòrán yẹn wá sórí mi. Kò pariwo. Ohun tó bi mí kò ju ọ̀kan lọ: "Ìyá, kò sí ẹni tí ẹ lè bi ni?"

Ó bá jáde. Aránṣọ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá fọwọ́ bà mí léjìká, ó ní, "Ẹ fara balẹ̀, omi ló dànù, agbè kò fọ́." Mo wo ẹ̀rọ tó ń tàn lórí tábìlì, agbè tí kò fọ́. Kí ni n ó fi ṣe, nígbà tí ìsun ti gbẹ?

Mo gbé ẹ̀rọ náà lé itan, mo gun zẹ́mìjàn lọ sí Ikpinlè. Kolẹ́tì ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tó rí mi, ó kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Ìyá mi." Ìkúnlẹ̀ yẹn dùn mí ju kó bú mi lọ. Mo ro ẹjọ́ mi. Ó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, ó wá a, ó wá a, ojú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ títí àwọn ọmọṣẹ́ fi jẹun ọ̀sán tán. Ó wá mi orí.

"Ìyá, bó bá jẹ́ pé ẹ ti gbé e wá kó tó gba nǹkan tuntun, bóyá. Wọ́n ti kọ nǹkan mìíràn lé e lórí."

"Kolẹ́tì, kí ló dé tí wọ́n fi agbọ̀n ṣe ààtàn?"

"Ìyá, ní ilẹ̀ tiwọn, inú agbọ̀n ni ààtàn wọn wà."

Mo ní, "Kọ́ mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀. Má wo ojú mi."

Ó ti rúlà kan tó wà lórí tábìlì sínú dúrọ́ọ̀, ó ní kí n jókòó. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan títí mo fi lè dárúkọ gbogbo ohun tó wà lójú ẹ̀rọ àti iṣẹ́ rẹ̀. Bọ́tìnì tó wà ní igun ìsàlẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Àwọn àwòrán kéékèèké jẹ́ ilẹ̀kùn, kì í ṣe yàrá. Àpò ìwé ni ilé iṣẹ́ tó parí: kí n fún un lórúkọ ẹni tó ni ín, kí n sì fi ẹ̀dà kan pa mọ́ síta ẹ̀rọ, nítorí pé adìẹ kì í yé gbogbo ẹyin rẹ̀ síbi tí ejò mọ̀. Nígbà tó kan ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, mo ní, "Ìyẹn ni í pa ìwé."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò pa á, Ìyá. Ó ní kó lọ dúró nísàlẹ̀ ni." Ó tẹ ọ̀já, ìwé náà dìde. Mo rántí àwọn ìwé ìsìnkú tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tó ń retí mi, mo sì fi gèlè mi nu ojú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ béèrè bóyá kòkòrò ló wọ̀ mí lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Kolẹ́tì ní, "Ìyá, ẹ kì í tẹ gbólóhùn kan kí ẹ má pè é padà. Ẹ̀yin ni ẹ fi kọ́ wa. Ṣé ẹ ti gbìyànjú láti pe oríkì yẹn?"

Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo la ẹnu. *Ọmọ ẹrẹ̀ dúdú.* Ó jáde.

Mo lọ sí Kpoulou. Bẹnuà kò fẹ́ jẹ́ kí n wọlé, ṣùgbọ́n Ìyá Abẹ́ní ti gbọ́ ohùn mi, ó ń lu ẹní. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó gbé ìka kan sókè láti ọwọ́ tó ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Bẹnuà ní, "Wọ́n ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀."

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Èmi a pè é, Bẹnuà a fi bírò kọ ọ́. Bí mo bá ṣì í, ìka Ìyá á dìde. N ó yí i síbí, n ó yí i sọ́hùn-ún, nígbà tó bá bọ́ sójú rẹ̀, ìka á sọ̀kalẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan la fi ṣe é. Ohun tí ẹnu mi ti pè padà rí ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àní èyí tí mo rò pé n kò mọ̀. Bẹnuà bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi ní omi mu.

Títí a fi dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó fi ìgbàjá di èso ọ̀pẹ mọ́nú.

Mo mọ̀ pé ó wà. Mo mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àti omi tó là kọjá, àti ohun tó sọ nígbà tó fẹsẹ̀ kan ẹrẹ̀ dúdú. Mo la ẹnu, kò sí nǹkan. Ìka Ìyá dìde, kò sì sọ̀kalẹ̀. Ó ń retí mi. Nígbà tó pẹ́, ó fà mí lọ́wọ́, ó tẹ́ ìka mi lé orúnkún ara rẹ̀, bí ẹni tẹ́ ẹ lé orí ẹ̀rọ. Ọwọ́ mi ló gba ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ tí iná ń ṣẹ́jú, ọwọ́ kò sì ní ẹnu. Ìyá fúnra rẹ̀ la ẹnu, ohùn jáde, ọ̀rọ̀ kò bá a jáde. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo ní kí n so èyí tó ṣáájú mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, kí ojú rẹ̀ lè dán. Bẹnuà ní rárá. "Ẹ fi ojú ewé yẹn sílẹ̀ ní funfun. Kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀."

Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, Bẹnuà fúnra rẹ̀ ló sì pe ìparí tí gbogbo ilé mọ̀. Iṣẹ́ ìkẹyìn tí mo ṣe ni. Ìwé náà wà nínú àpò tó ń jẹ́ orúkọ Ìyá Abẹ́ní, ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ Bẹnuà, òmíràn wà ní Ikpinlè lọ́dọ̀ Kolẹ́tì. Mo ti ìsọ̀ mi. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá fẹ́ gba iṣẹ́ yìí, ẹ gbà á, ó dára. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síwájú yín, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ àti ìwà rẹ̀ nílé àwọn tó ṣe é, bó tilẹ̀ jọ èyí tó wà nílé yín. Ẹ béèrè ní ojú gbogbo ọjà.

Ìyá Abẹ́ní ti sùn. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, mo kọjá lẹ́yìn ilé wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí ìyàwó tuntun kan ń ki ọkọ rẹ̀. Ó ti kọ́ ọ nínú ìwé, ó dùn létí. Ó dé ibi ojú ewé funfun. Ó dákẹ́. Ó dákẹ́ tó bí ènìyàn ṣe lè ka ojú ewé kan tán, ó wá mí, ó bá a lọ.

Nígbà tó rí mi ní ojú ọ̀nà, ó kúnlẹ̀. Kò mọ ẹni tí mo jẹ́.

"Ìyá, ẹ kú àárọ̀. Ẹ gbọ́ mi? Ṣé mo pè é bó ṣe yẹ? Wọ́n ní ibi ìdákẹ́ yẹn ló ṣòro jù."

Mo wo ilẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú ti di bàtà mi mú.

Mo ní, "O pè é bó ṣe yẹ, ìyàwó. Èmi ni n kò pè é padà."